Kí Ẹ Tó Sáré Lọ Ra Epo: Bí A Ṣe Ń Ran Ọlọ́kadà Tí Maṣíìnì Rẹ̀ Kú Lójú Títì Lọ́wọ́

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá ọmọkùnrin dísípáàṣì kan níbi tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí afárá Third Mainland sí Adékúnlé. Ó ti ta kíìkì títí aṣọ rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, epo ló tán." Mo gbà á gbọ́. A wá ilé epo lọ, a tò sórí ìlà, a ra lítà méjì sínú kẹ́ẹ̀gì, a fẹsẹ̀ rìn padà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Nígbà tí mo ṣí ìdérí táǹkì kí n lè da epo sí i, mo gbọ́ "fíì", bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìgò mínírà. Epo wà nínú táǹkì náà dé ìdajì. Ọ̀rá ló fi wé ìdérí nítorí òjò tó rọ̀ láàárọ̀. Atẹ́gùn ò rí ibi wọlé, epo ò sì rí ibi sọ̀. Ohun tí kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ gba wákàtí kan lọ́wọ́ wa, oúnjẹ oníbàárà tó wà nínú àpótí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti tutù pátápátá.

Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi náà fi gun maṣíìnì láàárín Ṣómólú, Yábà àti Erékùṣù Èkó, àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí sì ti ràn mí lọ́wọ́ ju bí mo ṣe lè kà lọ. Ohun tí mo kọ́ ni pé bí ọlọ́kadà bá ní epo tán, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́: epo lè tán lóòótọ́, epo lè wà kó má ráyè dé ẹ́ńjìnnì, omi lè ti wọ inú epo, epo sì lè ti pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹyọ kan péré nínú mẹ́rin yìí ni kẹ́ẹ̀gì epo lè yanjú.

Ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò lójú ọ̀nà

Ẹ má fọwọ́ kan maṣíìnì kankan lójú ibi tí ọkọ̀ ti ń sáré. Bí ó bá jẹ́ lórí Ìkòròdú Road, ẹ tì í wọ ojú ọ̀nà kékeré ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹnu àdúgbò kan, ní Fádéyí, ní Ònípànu, níbikíbi tí ẹsẹ̀ bá ti lè tẹ ilẹ̀ gbẹrẹfu. Orí afárá ló le jù. Third Mainland gùn tó kìlómítà 11.8, láti Òwórónṣókí títí dé Adéníji Adélé, kò sì sí ilé epo kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ẹni tí maṣíìnì rẹ̀ bá kú níbẹ̀ gbọ́dọ̀ tì í lọ sí ibi tí ọkọ̀ dojú kọ, kó má ṣe tì í padà sẹ́yìn láé, kó sì fara mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún títí á fi rí ibi tó ti lè sọ̀ kalẹ̀.

Bí ẹ bá wà nínú mọ́tò, ẹ má dúró sàárín ọ̀nà tìtorí àánú. Ẹ fà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ tan iná méjèèjì tó ń ṣẹ́jú, kí ẹ sì gbé C-caution sẹ́yìn níbi tó tó ìṣísẹ̀ ogójì sí àádọ́ta. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dúró sáàárín mọ́tò àti maṣíìnì. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ibẹ̀ sì ń bà yín lẹ́rù, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ rárá: ẹ pe 767 tàbí 112, tí í ṣe nọ́ńbà pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ Èkó, tàbí 122 ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ìrànlọ́wọ́ gidi nìyẹn náà.

Ẹ kí i kí ẹ tó bi í ní nǹkan kan. "Ẹ kú ìdúró o. Kí ló ṣe é?" Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà akérò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, títí kan Lagos Island, Lagos Mainland, Etí-Ọ̀sà àti Súrùlérè, nítorí náà ẹni tí ẹ bá bá lójú títì ní àgbègbè wọ̀nyí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dísípáàṣì. Ẹrù oníbàárà wà lẹ́yìn rẹ̀, fóònù rẹ̀ ń dún, ẹ̀rù sì ń bà á pé bí òun bá kúrò nídìí maṣíìnì, òun lè má bá a mọ́. Ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ fi í lọ́kàn balẹ̀ ni, "Màá bá ọ dúró ti ẹrù." Bí kò bá gbọ́ Yorùbá, pidgin á tó.

Ẹ bi í bó ṣe kú

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo irinṣẹ́ lọ. Maṣíìnì tí epo ń tán nínú rẹ̀ kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Á kọ́kọ́ máa fà, á máa húkọ́, á tún gbà bí ẹni pé ó ti dára, á tún húkọ́, kó tó wá dákẹ́. Bí ó bá ní ńṣe ló kú fiì bí ìgbà tí NEPA mú iná lọ, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ epo rárá. Ẹ wo súìṣì pupa tó wà lápá ọ̀tún ọwọ́ maṣíìnì. Ìbọ̀wọ́ òjò tàbí ọwọ́ ọmọ kékeré lè ti tì í láìmọ̀. Mo ti rí àgbàlagbà tó ti maṣíìnì rẹ̀ láti Jíbówú dé Ojúẹlẹ́gba nítorí súìṣì yìí, àánú rẹ̀ sì ṣe mí gan-an ni.

Bí ó bá ní ó húkọ́ kó tó kú, ẹ ṣí ìdérí táǹkì. Ẹ tẹ́tí: bí ẹ bá gbọ́ "fíì", tí epo sì wà níbẹ̀, ihò atẹ́gùn inú ìdérí ló dí. Eruku lè dí i, ọ̀rá tàbí awọ tí wọ́n fi bo táǹkì lè dí i. Ẹ yọ ohun tó bò ó, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú kan, kó ta kíìkì. Bí ó bá jí, ó lè máa lọ, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un kó fi abẹ́rẹ́ tú ihò náà tó bá délé. Lásìkò òjò, kó ta ọ̀rá náà lé orí táǹkì ní gbẹrẹfu, kó má so ó mọ́ ọrùn ìdérí pinpin.

Ẹ wo inú táǹkì pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ sì mi maṣíìnì kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan ìṣáná tàbí láítà láti fi wo inú táǹkì. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bẹntiróòlù ló ń gbiná, kì í ṣe omi rẹ̀ nìkan.

Táàpù epo àti títẹ maṣíìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́

Lábẹ́ táǹkì, lápá òsì lára Boxer, ẹ máa rí táàpù kékeré tó ní ibi mẹ́ta: ON, OFF, RES. RES yìí ni ọlọ́kadà ń pè ní rìsáàfù. Bí táàpù bá wà ní ON, epo máa dáwọ́ dúró nígbà tó bá kù díẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ yí i sí RES, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú kan, ó sì lè gbé e rin kìlómítà púpọ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ti fi táàpù sí RES títí ayé. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan tó jẹ́ nǹkan bíi náírà 185 di 488 l'Ékòó láàárín ọjọ́ méjì, ó sì ń gòkè lọ lẹ́yìn ìgbà náà. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó máa ń ra epo kún táǹkì bẹ̀rẹ̀ sí í ra lítà kan, lítà méjì. Ìsàlẹ̀ táǹkì ló ń fi rìn lójoojúmọ́, níbẹ̀ ni ìpẹtà àti omi sì máa ń kó sí. Kò ní ìkìlọ̀ kankan mọ́ kí epo tó tán, ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ sì ń wọ kabúrétọ̀, ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé táàpù ti wà ní RES tẹ́lẹ̀, ẹ fi ọkàn sí méjèèjì: ó lè tán, ó sì lè dí.

Kí ẹ tó wá kẹ́ẹ̀gì, ẹ gbìyànjú èyí. Táǹkì maṣíìnì jókòó lé irin bí ẹni gun ẹṣin, ó ní ikùn lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Epo lè kù sí ikùn ọ̀tún nígbà tí táàpù wà lápá òsì. Ẹ pa ìdérí dé dáadáa, kí ẹni méjì di maṣíìnì mú, kí ẹ sì gbé e tẹ̀ sí apá òsì gan-an fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ ó gbọ́ bí epo á ṣe ṣàn kọjá. Èyí tó ṣàn yẹn ti gbé mi láti Palmgrove dé ilé epo tó súnmọ́ ibẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì.

Bí epo bá wà síbẹ̀ tí kò jí

Ẹ wá ìgò ike tó mọ́ tí inú rẹ̀ hàn gbangba, irú èyí tí wọ́n ń ta omi sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ fa rọ́bà epo kúrò lẹ́nu kabúrétọ̀, ẹ fi ẹnu rẹ̀ sínú ìgò, kí ẹ ṣí táàpù. Bí epo bá ṣàn geere, táàpù àti fíltà dára. Bí ó bá ń kán tó-tó-tó, ìdọ̀tí ti dí táàpù tàbí fíltà kékeré tó wà láàárín rọ́bà. Bí maṣíìnì náà bá ní fíltà yẹn, ẹ yọ ọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n nù. Tí kò bá ṣeé fọ̀, wọ́n lè so rọ́bà tààrà láìsí fíltà láti fi dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì nìkan. Fíltà tuntun ò wọ́n, ẹ ó rí i ní Ládípọ̀ àti lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń ta páàtì ọ̀kadà ládùúgbò.

Ẹ gbé ìgò náà kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì kí ẹ sì wò ó sójú ọ̀run. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló máa kó sí, ẹ ó rí ìlà tó là wọ́n sọ́tọ̀. Ìgbà kan wà tí mo ra epo ní ilé epo kan lẹ́yìn òjò alẹ́. Kí n tó rin kìlómítà méjì, maṣíìnì ti kú. Omi inú ìgò mi lọ́jọ́ náà gùn tó ìka mẹ́ta. Èmi kọ́ ni mo da omi sí epo mi, ṣùgbọ́n èmi ni mo tì í délé. Lóṣù kejì ọdún 2022, gbogbo wa la jìyà epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí kan tí wọ́n ń pò mọ́ epo, ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, èyí tí ìjọba wá kó kúrò ní ọjà. Ẹ fojú yín wò ó, bí ẹni tó tà á tilẹ̀ ní kò sí nǹkan tó ṣe é.

Bí omi bá wà níbẹ̀, ẹ wo ìdí kabúrétọ̀: síkúrù kékeré kan wà nísàlẹ̀ abọ́ rẹ̀ gan-an. Ẹ fi sukudiráfà tú u díẹ̀, ìyípo kan tó, ẹ má yọ ọ́ tán kó má baà sọnù sínú yanrìn. Ohun tó wà nínú abọ́ á ṣàn jáde. Ẹ gbà á sínú ìgò. Ẹ jẹ́ kó ṣàn títí epo gidi á fi máa jáde, ẹ dí síkúrù náà padà. Omi díẹ̀ nìkan ni èyí lè yanjú. Bí omi bá pọ̀ nínú táǹkì, àfi kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ dànù níbi tí kò ti ní wọ gọ́tà.

Bí maṣíìnì náà bá jẹ́ irú ìgbàlódé tí kò ní kabúrétọ̀, tí kọ̀ǹpútà ń fún un lépo, ẹ má tú nǹkan kan. Ẹ wo iye epo, ẹ wo súìṣì pupa, lẹ́yìn náà ẹ pe mẹkáníìkì.

Ìkẹrin ni epo àpọ̀jù, ìpayà ló sì sábà máa ń fà á. Maṣíìnì kú, ọlọ́kadà fa ṣóòkù (ohun tí a ń fà kí epo lè pọ̀ sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù), ó ta kíìkì ọgbọ̀n ìgbà, epo wá rin púlọ́ọ̀gì tó ń taná sínú ẹ́ńjìnnì gbingbin. Ẹ ó gbóòórùn epo láti ìdí rẹ̀. Ẹ ní kó ti ṣóòkù padà, kó lọ́ ọwọ́ iná (ọwọ́ ọ̀tún tí a fi ń mú maṣíìnì sáré) dé òpin, kó mú un dání bẹ́ẹ̀, kó sì ta kíìkì bíi mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Bí kò bá jí, ẹ fi sípánà yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ nù ún gbẹ, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má dán bóyá púlọ́ọ̀gì ń taná wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí ẹ ti yọ ọ́ nígbà tí epo ṣì rin ibẹ̀. Mo ti rí ẹni tó jóná lójú nítorí èyí.

Bí epo bá tán lóòótọ́

Lítà kan tó. Kódà ìdajì lítà á gbé irú Boxer tàbí TVS ju kìlómítà mẹ́wàá lọ, ilé epo ò sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀ l'Ékòó. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì tó nípọn tó sì ní ìdérí. Ọ̀rá kò ṣeé fi gbé epo, ìgò ike fẹ́lẹ́ sì jẹ́ ti ìdajì lítà tí ẹ máa dà sí táǹkì lójú ẹsẹ̀. Àwọn ilé epo kan kì í ta sínú kẹ́ẹ̀gì, pàápàá lásìkò ọ̀wọ́n epo. Ẹ ṣàlàyé pé maṣíìnì kú, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ maṣíìnì hàn wọ́n, wọ́n sábà máa ń gbọ́. Ilẹ̀ ni kẹ́ẹ̀gì gbọ́dọ̀ wà nígbà tí wọ́n bá ń bu epo sí i, kì í ṣe orí ìjókòó mọ́tò tàbí orí maṣíìnì. Ẹ má jẹ́ kó kún dé ẹnu.

Bí ọlọ́kadà mìíràn bá yà láti ṣèrànwọ́, epo lè ti inú tirẹ̀ wá láìsí wàhálà: ẹ fa rọ́bà tirẹ̀ kúrò lẹ́nu kabúrétọ̀, ẹ fi sínú ìgò, ẹ ṣí táàpù. Epo á sọ̀ fúnra rẹ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni mo fẹ́ bẹ gbogbo ẹni tó bá ń ka èyí. Ẹ má fi ẹnu fa epo. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é níwájú wa lójoojúmọ́, wọ́n á tutọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bẹntiróòlù fẹ́lẹ́ gan-an, ìkọ́ kan ṣoṣo tó láti gbé e wọ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló ti ń ṣọṣẹ́. Ẹni náà lè dà bí ẹni tó gbádùn, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle ní wákàtí díẹ̀ sí i. Bí ẹnì kan bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Mo mọ̀ pé epo pupa ni àwọn ìyá wa máa ń ké sí, ìfẹ́ ló sì mú kí wọ́n máa ṣe é. Ṣùgbọ́n èébì yẹn gan-an ló máa gbé bẹntiróòlù padà gba ọ̀fun, tí á sì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Kó fi omi yọ ẹnu kó tu ú dànù, kó jókòó, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn: LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH ní Ìkẹjà, tàbí jẹ́nẹ́rà tó bá súnmọ́ yín. Bí bẹntiróòlù bá ta sí i lójú, omi tó mọ́ tó ń ṣàn ni ẹ fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ tó lọ.

Kí ẹ tó da epo sí táǹkì, ẹ wo àyíká. Ta ló ń yan bọ̀ọ̀lì nítòsí? Ṣé mọlà onísúyà wà níbẹ̀? Ṣé jẹnẹrétọ̀ ń dún níwájú ṣọ́ọ̀bù? Afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù wúwo ju atẹ́gùn lásán lọ, ó máa ń rá pálá nílẹ̀ títí á fi kan iná níbi tí ẹ ò fọkàn sí. Ẹ ti maṣíìnì jìnnà sí wọn. Kò sí sìgá. Ẹ lo àrọ. Bí kò bá sí, ẹ gé ìgò ike láàárín, apá òkè rẹ̀ á di àrọ. Bí epo bá dà sórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ẹ dúró kó gbẹ. Bí iná bá ràn, iyanrìn ni ẹ bù sí i, ẹ má da omi sí i.

Lẹ́yìn tí epo bá ti wọlé, ẹ ṣí táàpù, kí ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú kan kí abọ́ kabúrétọ̀ lè kún. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú, tí wọ́n á fi sọ pé epo tuntun náà ò dáa. Kó fa ṣóòkù díẹ̀, kó ta kíìkì láìlọ́ ọwọ́ iná.

Fífi ẹsẹ̀ tì, àti ọ̀rọ̀ owó

Ẹ ti rí i rí: ẹni ẹ̀yìn á gbé ẹsẹ̀ lé ibi ìgbẹ́sẹ̀lé maṣíìnì tó kú, á sì máa tì í lọ. Láàárín àdúgbò, níbi tí kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí wọ́n ń lọ bí ẹni ń rìn, tí kò sí èrò àti ẹrù lẹ́yìn, mo gbà á láyè. Lórí afárá tàbí Ìkòròdú Road, rárá. Kòtò kan péré á gbé àwọn méjèèjì ṣubú síwájú dáńfó. Okùn ò dáa fún maṣíìnì rárá.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà. Àwọn kan ń gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo dúró ní ibùdókọ̀, epo wọn kì í sì tán láti ọdún dé ọdún. Bí ọ̀rọ̀ bá rú yín lójú, ẹ san owó epo fún ẹni tó ń tà á, ẹ má kó owó lé e lọ́wọ́. Ẹ ṣe é níbi tí èrò wà. Bí ẹni náà bá ní kí ẹ tẹ̀lé òun wọ kọ̀rọ̀ kan níbi tí maṣíìnì òun wà, ẹ má lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí maṣíìnì rẹ̀ wà níwájú yín, tí òógùn bò, tí ẹrù oníbàárà wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìtàn àwọn ìyẹn mú kí ẹ kọjá lára rẹ̀.

Bí maṣíìnì bá jí, ẹ má tíì lọ. Ẹ jẹ́ kó dún fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wò ó bóyá epo ń jò nídìí rọ́bà tí ẹ tú àti nídìí síkúrù. Ẹ bi í bóyá ilé epo ló ń lọ tààrà, ẹ sì tẹ̀lé e dé ibẹ̀ tí ọ̀nà yín bá jọ. Bí ó bá ti rà á tó sì kún dé ibi tó yẹ, kó yí táàpù kúrò ní RES padà sí ON.